Ẹnu-Ọ̀nà Tó Já sí Ojú Ìràwọ̀

Òrùka ńlá kan ló dúró gbagidi nínú yàrá abẹ́ òkè. Ó ga ju ènìyàn mẹ́ta tó gun ara wọn léjìká lọ. Àwọ̀ eérú ló ní. Nínú òrùka yìí ni òmíràn wà tó ń yí, àmì 39 ni wọ́n sì fín sí i lára. Ìkọ́ mẹ́sàn-án wà létí rẹ̀ yíká. Bí ó bá ti ń yí, a óò máa gbọ́ bí nǹkan wúwo ṣe ń lọ nǹkan wúwo. Yóò dúró lórí àmì kan, ìkọ́ á dì í mú, iná pupa á tàn, òrùka á tún máa yí lọ wá àmì tó kàn. Nígbà tí àmì keje bá wọlé, ohun kan tó dà bí omi yóò ru jáde láti àárín rẹ̀ pẹ̀lú ariwo, yóò fà padà, yóò wá tẹ́jú pẹrẹsẹ bí adágún tí wọ́n gbé nàró. Ẹni tó bá wọ inú rẹ̀ kì í tutù. Ilẹ̀ mìíràn ni yóò jáde sí, lábẹ́ oòrùn mìíràn. Ọ̀nà náà kì í ṣí ju ìṣẹ́jú 38 lọ, kò sì sẹ́ni tó lè gba ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ti ìhà kejì bọ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ti wá.

Òrùka yìí ni gbogbo eré Stargate SG-1 rọ̀ mọ́. Ọjọ́ 27 oṣù keje ọdún 1997 ni abala àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde lórí tẹlifíṣọ̀n Showtime ní Amẹ́ríkà. Kí ó tó kásẹ̀ nílẹ̀ ní 2007, ó ti pé sáà mẹ́wàá àti abala 214. Brad Wright àti Jonathan Glassner ló gbé e kalẹ̀. Mo ti wo eré òfuurufú púpọ̀, ti ọkọ̀ tó ń sáré àti ti ìbọn tó ń tanná. Èyí ló wọ̀ mí lọ́kàn jù, nítorí pé nínú rẹ̀, ẹni tó jókòó ti ìwé àtijọ́ ló ń ṣílẹ̀kùn fún ológun. Bí kò bá sí ẹni tó lè ka ohun tí àwọn ará ìgbàanì fín sára ògiri, gbogbo ìbọn inú ibùdó náà kò lè gbé ẹnì kan dé ibì kankan.

Inú sinimá ni òrùka náà ti kọ́kọ́ jáde, ní 1994. Roland Emmerich ló darí sinimá yìí, òun àti Dean Devlin ni wọ́n jọ kọ ìtàn rẹ̀. Ìtàn náà sọ pé ní 1928, àwọn awalẹ̀pìtàn hú òrùka kan ní Giza, níbi tí àwọn píramídì Íjíbítì wà, pẹ̀lú òkúta pẹrẹsẹ ràgàjì kan tí wọ́n fín nǹkan sí lára. Wọ́n gbé e dé Amẹ́ríkà, ó sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn ológun. Ọdún ń gorí ọdún, kò sẹ́ni tó lè sọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Wọ́n wá lọ pe Daniel Jackson, ọ̀dọ́mọkùnrin awò-lójú kan tí àwọn ọ̀mọ̀wé ẹgbẹ́ rẹ̀ ti dìde kúrò níbi tó ti ń bá wọn sọ̀rọ̀ títí gbọ̀ngàn fi ṣófo.

Ibì kan wà nínú sinimá náà tó yẹ kí ènìyàn wò dáadáa. Àwọn àmì kan wà lára òkúta tí kò jọ ìwé Íjíbítì kankan. Daniel ti fi wọ́n wé gbogbo èyí tó mọ̀, wọn kò bá ara mu. Ó jáde lọ bu kọfí, ó sì rí ìwé ìròyìn lọ́wọ́ ṣọ́jà tó ń ṣọ́ ibẹ̀. Àwòrán àkójọ ìràwọ̀ Orion ló wà lójú ìwé tó kọjú sí i. Lójú ẹsẹ̀ ló yé e: àwọn àmì yẹn kì í ṣe lẹ́tà, àwòrán ìràwọ̀ ni wọ́n. Mẹ́fà nínú wọn ń tọ́ka sí ibi kan nínú òfuurufú. Fa ìlà láti iwájú dé ẹ̀yìn, òmíràn láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ̀kẹta láti ọ̀tún dé òsì. Ibi tí ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti pàdé ni ibi tí à ń lọ. Àmì keje ni ibi tí a ti gbéra. Àwọn ẹ̀rọ tó kún yàrá náà kò rí i. Ojú tó ti pẹ́ lẹ́nu wíwo àmì ló rí i.

Ọmọ ilẹ̀ Benin kan wà nínú sinimá yìí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí. Djimon Hounsou, tí wọ́n bí sí Cotonou, ló ṣe Horus, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ Ra, ọ̀tá inú sinimá náà. Ọdún kẹta lẹ́yìn náà ni Amistad jáde tí ayé wá mọ orúkọ rẹ̀.

Nínú eré orí tẹlifíṣọ̀n, Michael Shanks ló gba ipò Daniel lọ́wọ́ James Spader. Àwọn mẹ́rin ni wọ́n jọ ń wọ òrùka. Jack O'Neill ni ọ̀gá wọn, ológun tí kì í fẹ́ kí àlàyé gùn. Richard Dean Anderson, ẹni tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ nínú MacGyver, ló ṣe é. Samantha Carter, tí Amanda Tapping ṣe, jẹ́ ológun àti onímọ̀ físíìsì pọ̀. Ẹ̀kẹrin ni Teal'c, tí Christopher Judge ṣe; mo ń bọ̀ lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Inú Cheyenne Mountain ní Colorado ni ibùdó wọn, òkè gidi tí àwọn ológun Amẹ́ríkà gbẹ́ ibùdó sínú rẹ̀ lóòótọ́. Àwọn ológun òfuurufú fọwọ́ sí eré náà dé ibi pé méjì nínú àwọn olórí wọn, Ọ̀gágun Michael Ryan àti Ọ̀gágun John Jumper, jáde nínú rẹ̀ fúnra wọn.

Sinimá fi ìbéèrè kan sílẹ̀. Bí òrùka bá lè gbé ènìyàn dé ibi púpọ̀, kí ló dé tó fi jẹ́ Abydos, ilẹ̀ tó gbé wọn dé nínú sinimá, nìkan ni wọ́n rí lọ? Abala àkọ́kọ́ dá a lóhùn. Ní Abydos, Daniel rí yàrá kan tí àdírẹ́sì onámì bẹ́ẹ̀ kún ògiri rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Ìgbà tí Carter rí i ló mọ ohun tó ṣẹlẹ̀: ìràwọ̀ kì í dúró sójú kan. Láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún tí wọ́n ti kọ àwọn àdírẹ́sì yẹn, ohun gbogbo ti ṣí nípò. Abydos ló sún mọ́ wa jù, òun nìkan ni ìyípadà rẹ̀ kò tíì pọ̀ jù. Òótọ́ pọ́ńbélé ni pé ìràwọ̀ ń rìn. Èyí tí Edward Emerson Barnard kíyè sí ní 1916 ń yára débi pé láàárín nǹkan bí ọdún 180, yóò ti rin ìwọ̀n ìbú òṣùpá lójú sánmà wa. Ìdáhùn yìí dùn mọ́ mi púpọ̀. Ògiri ló ní àdírẹ́sì lọ́wọ́, kọ̀ǹpútà ló lè ṣírò ibi tí ìràwọ̀ ṣí lọ. Ọ̀kan kò sì wúlò láìsí èkejì.

Ọ̀nà àbùjá tí òrùka ń là nínú òfuurufú náà ní ìpìlẹ̀ nínú ìmọ̀. Albert Einstein àti Nathan Rosen ti ṣírò irú afárá bẹ́ẹ̀ ní 1935. Ní 1988, Michael Morris àti Kip Thorne kọ̀wé lórí ohun tí yóò gbà kí ènìyàn tó lè gba inú rẹ̀ kọjá láàyè. Kò tíì sẹ́ni tó rí ọ̀kan rí. Abala A Matter of Time, ní sáà kejì, tún gba ọ̀nà yìí lọ síwájú sí i. Òrùka wọn dì mọ́ ti ilẹ̀ kan tí ihò dúdú ń fà mu, fífà náà sì gba inú òrùka wá sí Cheyenne Mountain. Àkókò bẹ̀rẹ̀ sí í fà nínú ibùdó, nígbà tó ń lọ geerege lókè ilẹ̀. Ẹni tó bá rò pé àsọdùn ni, kó wo GPS inú fóònù rẹ̀. Lójú ọ̀run, níbi tí fífà ilẹ̀ ayé kò ti pọ̀ tó ti ìsàlẹ̀, aago àwọn sátẹ́láìtì máa ń yára ju tiwa lọ. Bí a bá yọ èyí tí eré sísá wọn ń dín kù, ó kù nǹkan bí ìdá 38 nínú ìdá mílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú-àáyá lójúmọ́, èyí tí wọ́n gbọ́dọ̀ tún ṣe kí máàpù má baà ṣìnà.

Ṣùgbọ́n abala tí mo máa ń ní kí ènìyàn wò ni The Torment of Tantalus, ní sáà kìíní. Daniel ń wo fíìmù àtijọ́ kan tí àwọn ológun ká ní 1945. Ọkùnrin kan wọ aṣọ àwọn tí ń wọ ìsàlẹ̀ òkun, pẹ̀lú okùn tó so ó mọ́ àwọn tó wà lẹ́yìn, ó rìn wọ inú òrùka lọ. Wọ́n fa okùn padà, ó ti já. Ọkùnrin náà ni Ernest Littlefield, àfẹ́sọ́nà Catherine Langford, ọmọbìnrin awalẹ̀pìtàn tó hú òrùka. Ohun tí wọ́n sọ fún Catherine nígbà náà ni pé Ernest kú sínú ìjàǹbá lẹ́nu iṣẹ́. Arúgbó ni Catherine nígbà tí Daniel gbé fíìmù náà wá bá a.

Catherine bá Daniel àti àwọn yòókù lọ. Inú ilé olókùúta kan tó wà ní góńgó àpáta létí òkun ni òrùka gbé wọn jáde sí, Ernest sì wà níbẹ̀: arúgbó, ìhòòhò, òun nìkan fún ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún. Ní gbogbo ọdún yẹn, ó ti ń bá Catherine sọ̀rọ̀ nínú ìrònú rẹ̀, débi pé nígbà tí ojúlówó Catherine dúró níwájú rẹ̀, kò kọ́kọ́ dá a lójú. Ó mú wọn wọ gbọ̀ngàn kan. Irú ìwé mẹ́rin ló wà lára ògiri rẹ̀, ti ẹ̀yà mẹ́rin tí wọ́n ti ń pàdé níbẹ̀ láyé àtijọ́. Ní àárín gbọ̀ngàn ni ohun kan dúró sí. Bí ọwọ́ bá ti kàn án, ìmọ́lẹ̀ á kún òkè orí wọn, bọ́ọ̀lù kéékèèké á máa yí bọ́ọ̀lù mìíràn ká. Ernest ti wò ó títí, ó sì ti rí i pé àwòrán àwọn nǹkan tí ayé fi ṣe ni: haidirójìn, hílíọ̀mù, títí lọ. Ẹ̀yà mẹ́rin tí èdè wọn kò jọra ti wá ohun tí gbogbo wọn mọ̀. Níbikíbi tí ìràwọ̀ dé, haidirójìn ní púrótọ́ọ̀nù kan ṣoṣo.

Ènìyàn gidi ti lo òye yìí rí. Nígbà tí Amẹ́ríkà ju Pioneer 10 sí òfuurufú ní 1972, Carl Sagan àti Frank Drake ṣètò àwòrán tó wà lára irin pelebe kan tí wọ́n kàn mọ́ ọn, haidirójìn ni wọ́n sì fi ṣe òṣùwọ̀n àkọ́kọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá rí i níwájú. Wọ́n tún lo haidirójìn bẹ́ẹ̀ lára ìbòrí àwo orin tó wà lára Voyager méjèèjì ní 1977.

Ní ọ̀dọ̀ Ernest, òjò bẹ̀rẹ̀, ilé náà ń wó díẹ̀díẹ̀ sínú òkun, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń pe àdírẹ́sì sì bá a lọ. Mànàmáná ni wọ́n padà fi fún òrùka ní agbára, ọwọ́ ni wọ́n sì fi yí i. Gbogbo wọn ti ṣe tán, àfi Daniel. Kò fẹ́ kúrò nídìí ìmọ́lẹ̀ yẹn. Ó fẹ́ dúró kọ́ ọ, bí ilé wó, kó wó. Ernest ló padà wá bá a, ẹni tó ti gbé ibẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ, ó sì jẹ́ kó yé e pé ìmọ̀ tí kò rí ẹni gbọ́ ọ kò já mọ́ nǹkan. Kò sí ìjà kankan nínú abala yìí, kò sí ọ̀tá. Òjò, ìwé, arúgbó méjì àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó pa ìwé dé, wọ́n ti tó.

Ọ̀tá wà nínú àwọn abala yòókù, wọ́n sì burú. Goa'uld ni wọ́n ń pè wọ́n, àfòmọ́ tó rí bí ejò, tí ń wọ ọrùn ènìyàn, tí ń gba ara rẹ̀ ṣe ilé, tí ń fi ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n pe ara wọn ní òrìṣà: Ra, Apophis, Hathor, Anubis. Wọ́n kó ènìyàn kúrò láyé lọ sí ilẹ̀ mìíràn láti ìgbà láéláé, wọ́n sọ wọ́n di ẹrú. Àwọn Jaffa ni ọmọ ogun wọn. Inú ikùn Jaffa ni ọmọ Goa'uld ti ń dàgbà, òun ló sì ń lé àrùn kúrò lára ẹni tó gbé e. Jaffa tó bá yọ ọ́ dànù yóò kú. Inú ẹran ara ni wọ́n de ẹ̀wọ̀n wọn sí. Teal'c ni aṣáájú ọmọ ogun Apophis, àmì wúrà wà níwájú orí rẹ̀. Nínú abala àkọ́kọ́, wọ́n pàṣẹ fún un pé kó pa àwọn ẹlẹ́wọ̀n kan, O'Neill wà láàárín wọn, ó sì yí ohun ìjà rẹ̀ padà sí àwọn ọmọ ogun ẹgbẹ́ rẹ̀.

Eré mìíràn yóò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Èyí kò jẹ́ kó tán. Nínú Cor-ai, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Hanno dá Teal'c mọ̀: òun ló pa bàbá rẹ̀ nígbà tí Apophis wá kó ẹrú. Àwọn ará abúlé náà dá ẹjọ́ sílẹ̀, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ló sì ń dájọ́. O'Neill fẹ́ kí Teal'c sọ pé àṣẹ ni wọ́n fún òun. Teal'c kọ̀. Ó ní òun jẹ̀bi. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ pé arọ ni bàbá Hanno, àṣà ìlú náà sì ni pé wọn kì í fi aláìlera sílẹ̀ sá lọ. Apophis ní kí wọ́n pa ẹnì kan, Teal'c sì yan ẹni tí àwọn yòókù kò ní lè sá bí ó bá wà láàyè. Bí Christopher Judge ṣe dúró níbẹ̀, tí kò gbé ohùn sókè, tí kò bẹ̀bẹ̀, mo ka ìyẹn sí ọ̀kan nínú iṣẹ́ tó dára jù nínú gbogbo eré náà.

Ibì kan wà tí mi ò lè gbà fún wọn. Eré yìí sọ pé Goa'uld ló kọ́ píramídì, pé ibi tí ọkọ̀ wọn ń balẹ̀ sí ni. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà ṣáájú wọn; Erich von Däniken ti fi irú rẹ̀ lókìkí nínú ìwé rẹ̀ ní 1968. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, irú ìtàn yìí ń dun ni, nítorí ó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ṣe é. Mark Lehner àti Zahi Hawass ti hú ibùgbé àwọn òṣìṣẹ́ píramídì ní Giza, ibi tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì àti itẹ́ òkú tí wọ́n sin wọ́n sí. Ní 2013, Pierre Tallet àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí ìwé pápírọ́ọ̀sì ní Wadi al-Jarf, létí Òkun Pupa. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ìwé àkọsílẹ̀ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Merer, tó ń ṣe olórí nǹkan bí ogójì ènìyàn láyé ọba Khufu, tó ń kọ bí wọ́n ṣe fi ọkọ̀ ojú omi kó òkúta láti Tura lọ sí Giza. Ìwé Merer ga lójú mi ju ọkọ̀ òfuurufú èyíkéyìí lọ. Mo rò pé Daniel Jackson, bó bá jẹ́ ènìyàn gidi, yóò ti fi ohun gbogbo sílẹ̀ láti lọ kà á.

Àbùkù kéékèèké náà wà. Kánádà ni wọ́n ti ya eré yìí, ní agbègbè Vancouver, nítorí náà igbó igi páìnì kan náà ló pọ̀ jù nínú àwọn ayé tí wọ́n ń dé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ẹ̀dá tí wọ́n bá pàdé ló sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Èyí dùn mí ju igbó lọ: nínú sinimá, Daniel ní láti jókòó kọ́ bí àwọn ará Abydos ṣe ń pe ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó lè gbọ́ ara wọn yé, sùúrù yẹn sì ni adùn rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n kò ní àyè fún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n fi í sílẹ̀ fún ògiri àti òkúta.

Eré méjì mìíràn jáde láti inú rẹ̀: Stargate Atlantis, láti 2004 sí 2009, àti Stargate Universe, láti 2009 sí 2011. Èkínní dùn ún wò, èkejì ṣókùnkùn. SG-1 ni kí ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀.

Kó kọ́kọ́ wo sinimá 1994, kó wá tẹ̀ lé e pẹ̀lú abala àkọ́kọ́ ti 1997. Èyí tí wọ́n pè ní Emancipation, kó fò ó. Kó má fo Cor-ai àti The Torment of Tantalus. Inú sáà kejì kan náà tí A Matter of Time wà ni The Fifth Race wà, níbi tí gbogbo ìmọ̀ àwọn ará ìgbàanì tó kọ́kọ́ ṣe òrùka ti rọ́ wọ orí O'Neill, ẹni tí kì í fẹ́ àlàyé gígùn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ èdè tí kò kọ́ rí, Daniel ló sì wá di ẹni tó ń tẹ̀ lé e kiri pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, tó ń wá ìtumọ̀ ohun tí ọ̀gá rẹ̀ ń wí. Kí orí rẹ̀ má baà fọ́, O'Neill pe àdírẹ́sì onámì mẹ́jọ, ó sì dá lọ bá àwọn Asgard, ọ̀kan nínú ẹ̀yà mẹ́rin tí ìwé wọn wà nínú gbọ̀ngàn yẹn. Wọ́n wò ó sàn. Wọ́n sọ fún un pé àwọn mẹ́rin ni wọ́n jọ mulẹ̀ tẹ́lẹ̀, aráyé sì ti gbé ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ láti di ìkarùn-ún. Ẹni tó bá ti wo ti Ernest ṣáájú ni yóò mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wúwo tó.